Ẹ̀rọ Ìwọ́ra Alágbèéká, Olówó Pọ́ọ́kú àti Olówó Gọbọi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù, yálà ní pápá tí a ti ń sáré láàárọ̀ Sátidé ni o, tàbí lórí fóònù. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó gbẹgẹ́.

Kí ni ẹ̀rọ yìí gan-an?

Òun ni ẹ̀rọ tó rí bí ìbọn, tí gbogbo ọlọ́jà ń pè ní massage gun. Mọ́tò kékeré kan ń yí nínú rẹ̀, irin tó so mọ́ mọ́tò náà sì ń sọ yíyí yẹn di àlọ àti àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí maṣíìnì ìránṣọ ṣe ń sọ yíyí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ di lílọ sókè sódò abẹ́rẹ́. Orí fóòmù tàbí rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń gún ẹran ara, nǹkan bí ìgbà 1,700 sí 3,200 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀dọ̀ Jason Wersland, oníṣègùn tó ń tọ́jú eegun ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, ni Theragun, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, ti wá. Jàǹbá alùpùpù tó ní ní 2007 fi ìrora sí i lára, ló bá sọ ayùn oníná àwọn káfíńtà di ohun tó fi ń wọ́ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ́jà jáde ní 2016. Hypervolt tí iléeṣẹ́ Hyperice ṣe tẹ̀lé e ní 2018, lẹ́yìn náà ni àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà fi olówó pọ́ọ́kú kún ọjà.

Ṣé ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó kàn ń gbọ̀n?

Ó yàtọ̀ gan-an. Èyí tó ń gbọ̀n ń mi awọ ara. Èyí tó ń gún ń wọnú ẹran lọ. Ẹ ronú ọmọ odó: ẹni tó bá ń gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka kan péré, ariwo lásán ni a ó máa gbọ́, iyán ò ní kúnná. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n kọ massage gun sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ 40 dọ́là, tí òmíràn sì jẹ́ 599?

Ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ wò ni bí orí rẹ̀ ṣe ń jìn tó ní àlọ kan. Theragun PRO tó jáde ní 2020, tí wọ́n tà ní dọ́là 599 ní Amẹ́ríkà, ń rin mílímítà 16. Èyí tí ẹ ó rí lórí àtẹ ní dọ́là 30 tàbí 40 sábà máa ń wà láàárín mílímítà 6 sí 10, ohun yòówù kí páálí rẹ̀ kọ. Mílímítà mẹ́fà tó wà láàárín 10 àti 16 lè dà bí nǹkan kékeré lójú, àmọ́ lórí itan ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí ẹni tó lẹ́ran lára, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni agbára tí mọ́tò ní nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Iléeṣẹ́ tó ṣe Theragun PRO ní ó gba nǹkan bíi kílò 27 kó tó dúró. Olówó pọ́ọ́kú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa kérora, á sì dúró. Ẹ má fi bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Afẹ́fẹ́ kì í ti ẹ̀rọ padà. Ẹran ara ló ń tì í.

Ìyókù owó náà wà nínú béárìn tí kì í tètè jẹ, bátìrì tó ní ohun tó ń ṣọ́ ọ, ìdìmú tó jẹ́ kí ọwọ́ dé ẹ̀yìn, àti orúkọ. Orúkọ yẹn ń jẹ owó púpọ̀, mi ò ní tàn yín. Áàpù àti Bluetooth kò mú kí iṣan kankan rọ̀.

Àárín ni ọjà tó dára jù wà lójú tèmi. Ekrin B37, fún àpẹẹrẹ, ń rin mílímítà 12, ó sì gba nǹkan bíi kílò 25 kó tó dúró, kò sì tó ìdajì owó PRO yẹn.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó?

Ẹ mú téèpù télọ̀ àti fóònù yín lọ. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà sí ìyára tó lọ́ra jù, kí ẹ na téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ wá fi fóònù ya fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí fóònù ń pè ní slow motion. Tí ẹ bá wò ó padà, ẹ ó rí ibi tí orí náà dé nígbà tó jáde tán àti ibi tó padà sí. Àárín méjèèjì ni òótọ́ ọ̀rọ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú ọ̀kan tí páálí rẹ̀ kọ mílímítà 12. Nínú fídíò, ó gbéra lójú ìlà 3, ó dé ojú ìlà 10. Méje ni. Ọmọkùnrin tó ń tà á tẹjú mọ́ fóònù mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa náà ò mọ̀ o." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa òmíràn jáde lábẹ́ àtẹ, a wọn ìyẹn náà. Ó rin mílímítà mẹ́wàá, owó kan náà.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan ara yín lórí ṣòkòtò, ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ kí ẹ mọ ibi tó ti máa dúró. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara nílé lè gbé tìmùtìmù lé e, kó tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, kó sì ka kílò tó wà lójú ìwọ̀n nígbà tó dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ yín. Tó bá gbóná débi tí ẹ ò lè dì í mú, tàbí tó ń rùn bíi wáyà tó ń jóná, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Páálí rẹ̀ kọ ìyára 30. Ṣé kò sàn ju èyí tó ní márùn-ún lọ?

Rárá. Theragun PRO, ìyára márùn-ún péré ló ní, láti ìgbà 1,750 dé 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ara yín ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún.

Orí mélòó ni mo nílò?

Méjì tó: èyí tó rí roboto fún itan, ìdí àti èjìká, àti èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ibi tí ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èyí tó rí bí àmúga wà fún ẹran tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì eegun ẹ̀yìn, kí eegun fúnra rẹ̀ lè bọ́ sáàárín láìfara kàn án. Èyí tó ṣóńṣó bí ọta ìbọn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ lò ó, torí ibi tóóró kan ló ń kó gbogbo agbára sí.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju iye lọ ni ohun tí wọ́n fi ṣe orí náà. Olówó pọ́ọ́kú máa ń kó orí mẹ́jọ sínú àpò, kí méje nínú rẹ̀ jẹ́ ike líle. Ike líle lórí eegun èjìká, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára títí di ọjọ́ kejì.

Èyí tí kò pariwo ló dára jù, àbí?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Theragun ìṣáájú pariwo gan-an, síbẹ̀ wọ́n lágbára. Ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ ò rìn jìnnà kò ní ohun tó máa pariwo lé lórí. Irú ariwo ló yẹ kí ẹ gbọ́: kó máa hùn geere láìyí ohùn padà dára, kó máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ bí ohun tó tú nínú rẹ̀ kò dára.

Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé bátìrì rẹ̀ jẹ́ 6,000 mAh. Ṣé òótọ́ ni?

Mo tú ọ̀kan tó ti kú wò. Páálí kọ 6,000. Sẹ́ẹ̀lì méjì péré ló wà nínú ìdìmú rẹ̀, gígùn wọn ò ju ìka àárín mi lọ, wọ́n sì kọ 1,500 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a tilẹ̀ pa méjèèjì pọ̀, 3,000 ni.

mAh yìí, tí wọ́n fi ń sọ bí bátìrì ṣe tóbi tó, kò sì tó nìkan láti fi ṣe ìfiwéra. Ẹ fi fóltì sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Ohun tó jáde ni Wh, òun ni agbára gidi. Bátìrì fóltì 24 tó jẹ́ 2,500 mAh ní 60 Wh. Bátìrì fóltì 7.4 tó jẹ́ 3,000 mAh kò ju 22 lọ, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ tóbi jù.

Ó ní ihò Type-C, ṣùgbọ́n iná ṣájà fóònù mi kò wọ inú rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Ṣájà tí ẹnu okùn rẹ̀ jẹ́ Type-C lápá méjèèjì kì í gbé iná jáde títí ẹ̀rọ á fi sọ fún un pé òun ti dé. Ohun kékeré kan tó máa ń sọ ọ́ wà nínú ẹ̀rọ, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣe olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ kúrò. Ẹ lo okùn àtijọ́, èyí tí apá kan rẹ̀ jẹ́ USB fífẹ̀. Iná yóò wọlé.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á fún mi. Ṣé mo lè kì í bọ iná ilé wa?

Ẹ ka ara ṣájà rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Tí wọ́n bá kọ "INPUT 100-240V", ẹ wá ohun tí ẹ ó fi pa ẹnu rẹ̀ dà, ó parí. Tó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan ni wọ́n kọ, iná tiwa máa jó o lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò lẹ ń lò, ẹ gba agbára sínú power bank kí ẹ sì ti ibẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gba USB. Ó sàn fún bátìrì.

Àbúrò mi wà ní London. Ṣé kó rà á níbẹ̀ ni àbí kí n rà á nílé?

Tó bá jẹ́ olówó gọbọi, kó rà á níbẹ̀, kó sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fi ránṣẹ́. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù ní Britain ní ọjọ́ 30 láti dá a padà gba gbogbo owó rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti wọ Nàìjíríà tán, ìlérí àtúnṣe iléeṣẹ́ sábà máa ń dúró sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á. Tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ rà á nítòsí, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Èyí kékeré tó wọ àpò ńkọ́?

Ó dára fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, fún apá, fún àtẹ́lẹsẹ̀. Theragun Mini ń rin mílímítà 12, ó gba nǹkan bíi kílò 9 kó tó dúró. Fún ohun tó kéré bẹ́ẹ̀, mo gbóríyìn fún un. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú, gbígbọ̀n lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ta ló yẹ kó ra olówó gọbọi?

Ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù, tó ń wọ́ ènìyàn mẹ́wàá lójúmọ́, olówó pọ́ọ́kú á jó mọ́ ọn lọ́wọ́ kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tó tóbi, tí iṣan rẹ̀ ki, nílò jíjìn àti agbára náà.

Onídìrí tó ń dúró láti àárọ̀ di alẹ́, awakọ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, télọ̀ tó ń tẹ orí wálẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iṣẹ́ òru, tí wọ́n máa lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́: mílímítà mẹ́wàá tòótọ́ ti tó wọn. Kí wọ́n fi owó yòókù ra bẹ́ẹ̀dì tó dúró dáadáa. Mo máa ń bínú tí mo bá rí ẹni tó yáwó ra ẹ̀rọ nítorí pé ó rí i lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́, níwọ̀nba. Ní 2020, àwọn olùwádìí fi Hypervolt lu ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọkùnrin 16 fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n 5.4 dìgírì, agbára iṣan wọn kò sì dínkù. Ìyẹn ni pé ó ń mú kí ara rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò lè to eegun, kò lè wo làkúrègbé, kò sì lè yọ́ ọ̀rá ikùn, bí wọ́n tilẹ̀ ń polówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú mélòó ni kí n fi lo ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìṣẹ́jú kan sí méjì fún iṣan kan. Ẹ jẹ́ kó máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá a dúró sójú kan, ẹ má sì fún eyín pọ̀ nítorí ìrora. Tó bá ti ń dùn yín, ó ti pọ̀ jù.

Ṣé mo lè fi Aboniki tàbí òrí pa ara kí n tó lò ó?

Ẹ lò ó tán kí ẹ tó fi nǹkan para. Epo máa ń jẹ orí fóòmù títí yóò fi máa rún. Ooru Aboniki náà máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀, ìrora yẹn ló sì yẹ kó sọ fún yín pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù.

Ibo ni kò gbọ́dọ̀ dé lára?

Iwájú ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orí, eegun ẹ̀yìn gan-an, ikùn, abíyá, kòtò ẹ̀yìn orúnkún, ibi tí itan ti pàdé abẹ́, orí eegun èyíkéyìí, egbò, ibi tó wú, ibi tó dáranjẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbi dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ọkàn nínú àyà.

Ti ọrùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ròyìn obìnrin kan tó lo ẹ̀rọ yìí lọ́rùn léraléra, tí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀ sì ya. Ẹran tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ni kí ẹ dúró sí.

Ìyá mi ní rọpárọsẹ̀. Ṣé kí n rà á fún wọn kí ẹsẹ̀ wọn lè ta?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ìbéèrè yìí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí ìfẹ́ ló ń mú ọmọ bi í. Ẹsẹ̀ tí stroke ti mú lè má mọ ìrora mọ́. Ẹ̀rọ lè ṣe wọ́n léṣe kí wọ́n má sì mọ̀. Ìlù léraléra náà lè mú kí iṣan tó ti le tẹ́lẹ̀ túbọ̀ le sí i.

Èyí tó léwu jù ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹni tó ń pẹ́ lórí ìbùsùn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dunni, tí ẹ wá gbé ẹ̀rọ yìí lé e, ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè tú kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kò gbọ́dọ̀ lò ó, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú ẹran. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kó yàgò fún un.

Owó tí ẹ fẹ́ fi rà á, ẹ fi san owó physiotherapy, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú kí ara àti iṣan padà máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n á kọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà nílé bí ẹ ṣe máa fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọn, èyí sì sàn ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́ SS. Ṣé ó lè bá a fún ìrora?

Rárá, pàápàá nígbà tí àìsàn náà bá dé. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráàyè kọjá ló ń fa ìrora yẹn, kì í ṣe iṣan tó le. Omi, oògùn tí dókítà kọ, ìgbóná díẹ̀, àti ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tí mo lò ó, ìtọ̀ mi dúdú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ rí dókítà lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Iṣan tí wọ́n lù jù lè fọ́, kí ohun inú rẹ̀ ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀ kó sì pa kíndìnrín lára. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́: lẹ́yìn tí kóòṣì rẹ̀ fi ẹ̀rọ yìí wọ́ ọ, ara ń ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì. Ara tó dáranjẹ̀ díẹ̀ yàtọ̀ síyẹn, ó máa lọ; ẹ kàn sinmi rẹ̀.

Ṣé mo lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú àpò ọwọ́. Bátìrì tí kò kọjá 100 Wh kì í níṣòro, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀. Bátìrì àfikún tó dá wà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Olówó pọ́ọ́kú tí wọn ò kọ Wh kankan sí lára, òṣìṣẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tó jẹ́, ẹ pè é ní massager. Ẹ má dárúkọ gun ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ìdìmú rẹ̀ ti wú, ó ti là díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ṣé mo ṣì lè gba iná sí i?

Ẹ má ṣe é. Bátìrì lithium tó wú ti ń kó gáàsì sínú, gbígba iná sí i lè mú kó gbiná. Ẹ yọ okùn rẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ẹ gbé e síta sórí sìmẹ́ǹtì, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo, kí ẹ wá ẹni tó ń tún bátìrì ẹ̀rọ ṣe tó lè tú u.

Tó bá jẹ́ olówó gọbọi tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, bíi ti Theragun PRO tó jáde ní 2020, bátìrì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó tí ẹ fi rà á lọ. Ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó rà á: "Tí bátìrì bá kú, ṣé ẹ ní òmíràn tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀?"